Ẹni Tó Ń Rìn Lẹ́yìn Gíláàsì

Gíláàsì kẹrìnlá la fọ́ lọ́jọ́ náà. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mò ń wo bí àfọ́kù rẹ̀ ṣe ń fò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyẹ́ adìyẹ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ kó balẹ̀, ni nǹkan kan bá rìn kọjá lẹ́yìn wọn. Kò sáré. Ó rìn ni, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tó ń lọ bu omi mu. Ó wọlé láti apá ọ̀tún àwòrán, ó jáde ní apá òsì.

Kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya fídíò ohun tó yára ju ojú lọ. Ní ilé iṣẹ́ wa, gíláàsì iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ń dán wò: wọ́n á gbé e lé orí irin, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù irin lù ú, kámẹ́rà mi á sì ya àwòrán ẹgbẹ̀rún méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá wá ń wò ó padà, ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo á na ara rẹ̀ di ọgọ́rin. Nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn bá ṣẹ́jú, o lè dìde lọ jókòó sórí àga mìíràn kó tó la ojú náà padà. Nítorí náà, ohun tó bá rìn níbẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń rìn, ìlọ́po ọgọ́rin ló fi yára jù wá lọ. Ó lè kọjá níwájú imú rẹ, o ò ní mọ̀.

Mo pe Ẹnjinía, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan.

“Ìdọ̀tí ni,” ó ní. “Ẹ nu lẹ́ǹsì yín, Baba Abẹ.”

Orúkọ tí wọ́n sọ mí níbi iṣẹ́ nìyẹn, torí wọ́n ní àwòrán mi máa ń mú débi pé èèyàn lè fi fárí. Mo nu lẹ́ǹsì náà. N kò bá a jiyàn. Lásìkò yẹn, n kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Oṣù kẹta tí ọmọ wa kú nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, òun nìkan ṣoṣo la sì bí. Ológoṣẹ́ là ń pè é nílé, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bó bá ti la ojú ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, oorun nìkan ló ń bá wa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Tí ilé ìwé bá parí, ibi iṣẹ́ mi ló ti máa ń dúró dè mí; á jókòó sórí àpótí kan lẹ́yìn àwọn iná, á máa bi bọ́ọ̀lù irin léèrè bóyá orí ń fọ́ ọ. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ.

Àwọn ènìyàn wá kí wa. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ní ẹ ṣeun. Mo gbé àga fún wọn, nígbà tí wọ́n lọ, mo kó àga náà padà. N kò sunkún. Kì í ṣe pé mò ń ṣe akin. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀: ó mọ̀ pé apá náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, ojú nìkan ni yóò fi rí i.

Ìyàwó mi a máa tú aṣọ ọmọ náà, a máa ká a, a tún máa tú u. Tẹ́lẹ̀, Bàbá Ológoṣẹ́ ló ń pè mí. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ, kò pè mí ní ohunkóhun mọ́. “Ẹ wá jẹun,” á ní. “Ẹ ti ilẹ̀kùn.” Mò ń jẹun. Mò ń ti ilẹ̀kùn. Mò ń lọ síbi iṣẹ́.

Kámẹ́rà tó ń yára báyìí kì í fúnra rẹ̀ wá ibi tí yóò mú. Ọwọ́ la fi ń yí òrùka tó wà lára lẹ́ǹsì. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ń rí gbà kò ju bín-íntín lọ, a ní láti tan iná tó ń jó ènìyàn lára, ká sì la ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ gbayawu. Bí ojú lẹ́ǹsì bá sì ṣe là tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ń mú ṣe ń tín-ín-rín tó. Ti èmi kò ju ìbú ìka méjì lọ. Ohun tó bá bọ́ síbẹ̀ á mú bí abẹ. Ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ á ṣe bàìbàì bí òkúta ìsàlẹ̀ omi. Nítorí náà, kí wọ́n tó gbé gíláàsì dé, mo máa ń gbé bébà tó ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ sójú ibi tí gíláàsì yóò wà. Mo máa ń yí òrùka náà títí lẹ́tà á fi mú, màá yí i kọjá títí á fi tún bàjẹ́, màá wá rọra dá a padà. Ẹni tí kò bá yí i kọjá kò lè mọ ibi tó ti mú jù. Lẹ́yìn èyí, màá fi téèpù dì í kó má baà sún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òrùka náà ti sún.

Téèpù rẹ̀ kò já. Wọ́n ṣí i ni, wọ́n tún un lẹ̀, wọ́n sì fi ìka tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo dá òrùka padà sáyè rẹ̀, mo lọ gbé gíláàsì. Kí n tó gbé e dé, ó tún ti sún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nínú gbọ̀ngàn náà, tí kò ní fèrèsé kankan. N kò gbọ́ nǹkan kan àfi fáànù kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí inú kámẹ́rà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ fún oṣù méjì: mò ń dá a padà, ó ń sún. Àkísà funfun wẹ́wẹ́ tí mo fi ń nu lẹ́ǹsì náà ń dín. Páálí tó yẹ kí n lò fún ọdún kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù kò bà mí rárá, bí mo bá sì rántí ìyẹn báyìí, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, gíláàsì tán nílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo wo òrùka náà níbi tó fẹ́ wà, mo ní ó dáa, kó wà níbẹ̀. Mo gbé bébà mi, mò ń fi ẹ̀yìn rìn títí lẹ́tà fi mú lójú kọ̀ǹpútà. Ìṣísẹ̀ méjì ni, lẹ́yìn irin tí a ń gbé gíláàsì lé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ. Mo gbé bébà kúrò, mo tan gbogbo iná, mo tẹ bọ́tìnnì. Kámẹ́rà náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ.

Nínú fídíò, obìnrin kan dúró níbẹ̀. Ó dúró sójú ibi tó mú gan-an, débi pé mo rí ìpéǹpéjú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkísà wẹ́wẹ́ ni wọ́n gán pọ̀ di aṣọ sí i lára, àwọn kan funfun, àwọn kan ti gbó débi pé wọ́n ti dà bí eérú. Ó tẹjú mọ́ lẹ́ǹsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kò sinmi.

Ìyàwó mi ni.

Wọ́n máa ń sọ pé bí wọ́n bá rí ẹni tó wà láàyè níbi tí kò sí, onítọ̀hún ti ń di ẹrù ọ̀run nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi gbé mi délé kí n tó mọ̀ pé mo ti kúrò níbi iṣẹ́. Ìyàwó mi jókòó sórí ibùsùn, ó ń ká aṣọ.

“Ṣé kò sí?” ó bi mí.

“Kò sí.”

Fún odindi ọjọ́ méjì, n kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Bó bá wọ ilé ìwẹ̀, màá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Kí lẹ ń wò lára mi?”

“Mo rí ọ nínú fídíò níbi iṣẹ́.”

“N kò wá síbi iṣẹ́ yín.”

“Mo mọ̀.”

Ó mú gèlè rẹ̀. Ó ní, “Ẹ mú mi lọ wò ó.”

Ẹnjinía ló bá wa ṣílẹ̀kùn, torí àlejò ò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn náà láìjẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Mo ti sọ ìwọ̀nba tí mo lè sọ fún un. Àwa mẹ́ta jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìyàwó mi wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n tún un fi hàn.

“Èmi kọ́ nìyẹn,” ó ní jẹ́jẹ́.

“Wo imú yẹn. Wo iwájú orí.”

“Ẹ wo ọrùn ọwọ́ òsì.” Ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. Àpá kan wà níbẹ̀, ó ń dán, ó rí bí ewé kékeré. “Omi kẹ́tùlù ló dà sí i níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tọ́jú rẹ̀.” Kò gbé ìka náà kúrò. “Bàbá Ológoṣẹ́, ọmọ wa ti dàgbà.”

Mo rò pé Ẹnjinía á rẹ́rìn-ín tàbí kó bínú. Kò ṣe méjèèjì. Ó bi wá pé ọjọ́ wo ni ọmọ náà kú. Ó mú bírò, ó ka ọjọ́, ó sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rin. Mò ń wo ẹnu bírò rẹ̀.

“Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n,” ó ní. Ó wá da ojú bébà náà délẹ̀.

“Pẹ̀lú mẹ́fà tó lò lọ́dọ̀ wa,” ni ìyàwó mi sọ. “Mọ́kàndínlógójì. Ẹgbẹ́ mi ni.”

Kámẹ́rà wa kì í gba ohùn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí ìyàwó mi bá mú ọmọ yẹn lọ sílé ìwé, òun àti ọmọ a máa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé kíláàsì, ètè sí ètè, títí olùkọ́ á fi lé e. Ó mọ ètè yẹn kà. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ètè tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

“Kí ló ń sọ?” mo bi í.

“Ohun kan náà ni.” Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ètè náà. “Ẹ dá mi lóhùn. Màámi, Bàámi, ẹ dá mi lóhùn.”

Mo ro bí a ṣe máa rí lójú rẹ̀. Bí mo bá gbé síbí láti inú àwo, yóò ti dúró tì mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ kí síbí náà tó dé ẹnu mi. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sí etí ère méjì. Mo rò ó bẹ́ẹ̀, ojú mi sì gbẹ.

Ẹnjinía ló mú àbá wá. “Ohùn yín ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá pè é, kò ní jù kí ilẹ̀ máa kùn lọ létí rẹ̀. Ohun tí kò bá yí padà nìkan ló máa yé e.”

Ọmọ náà ti mọ lẹ́tà kí ó tó kú. Ìyàwó mi wá páálí kan, ó kọ ọ́ gàdàgbà: A RÍ Ọ. Ó gbé e kọ́ ọrùn, ó lọ dúró níbi ìṣísẹ̀ méjì yẹn, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ. Ó ní òun ò ní mira fún wákàtí kan. Wákàtí kan tiwa, ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀ ni lọ́dọ̀ ọmọ. Láàárín ìdajì wákàtí, apá rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ẹnjinía gbé ọ̀pá iná méjì wá, ó fi wọ́n gbé apá náà ró láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí wákàtí pé, mo tẹ bọ́tìnnì.

“Ṣé o mọ nǹkan kan lára?” mo bi í nígbà tó jókòó.

“Orúnkún mi gbóná díẹ̀.”

Nínú fídíò náà, ọmọ wa jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé orúnkún rẹ̀. Ó di ojú. Ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Àwa mẹ́ta wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, ètè rẹ̀ kò mì rárá.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ìsinmi là ń wá. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa. Ó ń rán aṣọ, ó ń gbé e sórí àpótí tó wà lẹ́yìn iná. Tí a bá ṣẹ́jú, aṣọ náà ti lọ. Ẹnjinía kì í gbà kí ẹlòmíràn bá wa ṣílẹ̀kùn. Èmi ń yí òrùka, mò ń tẹ bọ́tìnnì. Àwòrán mi ń mú.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan tiwa, ọdún kan ààbọ̀ ni tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, ó ti dàgbà ju ìyá tó bí i lọ. Irun rẹ̀ funfun láti ẹ̀gbẹ́ etí wọlé. Kò jókòó sílẹ̀ mọ́. A máa ń rí i tó ń nu òógùn lójú ìyá rẹ̀, tó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ ọwọ́. Tí wákàtí bá pé, iwájú orí ìyàwó mi máa ń gbẹ táútáú lábẹ́ iná tó lè yan ẹran.

Ní oṣù kọkànlá, ó di arúgbó tó tẹ̀. A mọ ohun tó kù. Ìyàwó mi sọ ọ́ lójú ọ̀nà bí a ti ń lọ: “Ẹ̀rù ń bà mí. Tí a bá dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí n kò bá bá a mọ́ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa sin ọmọ kan?”

Mo gba aṣọ tó rán lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a gbé e.

Lọ́jọ́ yẹn, ó dúró ní wákàtí tirẹ̀ bí ó ti ń ṣe. Mo tẹ bọ́tìnnì. A jókòó, a wò ó.

Ọmọ wa wà níbẹ̀, ó mú kedere, gbogbo ìhunjọ ojú rẹ̀ hàn. Ó wo ìyá rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yí ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì juwọ́ pe nǹkan kan pé kó máa bọ̀.

Àwọn dúdú-dúdú kan wà nídìí ògiri yẹn. Wọ́n wà nínú gbogbo fídíò tí mo ti ń yà láti ọdún yìí wá. Mo rò pé ọ̀rinrin ló mú ògiri. Wọ́n dìde.

Wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òmíràn ga, òmíràn kúrú, gbogbo wọn bàìbàì. N kò tíì fìgbà kan yí òrùka síbi ògiri yẹn rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn bọ̀ níbi tó mú, bí wọ́n sì ti ń gbé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni bàìbàì náà ń ṣí lára wọn. Mo ka mọ́kànlá, mo dẹ́kun kíkà.

“Ta ni wọ́n?” ìyàwó mi ní. “Ọmọ kan ṣoṣo la bí.”

Ẹnjinía dìde lójijì, àga rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn.

“Ẹ dá a dúró.”

Mo tẹ bọ́tìnnì, fídíò dúró. Ó nawọ́ sí ẹnì kan lápá òsì. Kò tíì ní ojú, kò tíì ní ọwọ́, kò ju èéfín tó dúró lọ.

“Ẹ dá a padà díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó rìn.”

Mo jẹ́ kó rìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í balẹ̀ tán. Ó ń tiro.

“Àbúrò mi ọkùnrin ni,” Ẹnjinía ní. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, bí ìgbà tó bá ń ka iye gíláàsì. “Odò ló gbé e lọ. A jọ ń wẹ̀ ni.”

“Nígbà wo?” ìyàwó mi bi í.

“Ó pé ogún ọdún.”

Lọ́jọ́ yẹn, Ẹnjinía kò mú bírò. Èmi ni mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi, mo sì wo ojú ìyàwó mi, mo rí i pé òun náà ti ṣírò rẹ̀ tán. Ẹgbẹ̀jọ ọdún lọ́dọ̀ wọn, ó sì ṣì ń rìn. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tí à ń bẹ̀rù ni pé ogbó máa pa Ológoṣẹ́. Ogbó kò ní pa á. Kò sí ohun tó máa pa á mọ́.

“Ẹ jẹ́ kí fídíò náà máa lọ,” ìyàwó mi ní. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. “Ẹ jẹ́ ká rí wọn.”

Ẹnjinía di ọwọ́ mi mú.

“Ìṣísẹ̀ méjì ló kù kó dé ibi tó mú,” ó ní. “Ẹ jọ̀ọ́, Baba Abẹ. N kò mọ ohun tí ojú ènìyàn máa ń dà lẹ́yìn irú ọdún bẹ́ẹ̀.”

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò.

Ìyàwó mi ṣì ń lọ dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan. A kì í ya fídíò mọ́. Ó ní òun mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìyẹn ti tó òun. Mo máa ń dúró dè é, mo sì ń mú un padà sílé. Fídíò yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà, níbi tí mo dá a dúró sí, mo sì ti gbé kọ̀ǹpútà náà sí yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, Ẹnjinía á wọ ibẹ̀ lọ, á jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́rùn. N kì í yọ ọ́ lẹ́nu.

Láàárọ̀ àná, mo ṣílẹ̀kùn láti mú téèpù tuntun. Ó wà níbẹ̀. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì tó máa jẹ́ kí fídíò náà máa lọ. N kò mọ̀ bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé e ni, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé e kúrò.